Nígbà tí Òfin Gbèsè Yí Padà, Ta Ló Sọ fún Agbẹjọ́rò?

Títí di òní ni àdúgbò wa ń pe ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Màmá Oníbúrẹ́dì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ṣe búrẹ́dì kankan mọ́ láti ọdún 2021. Ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì ni wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí kọ́ńpìnnì, wọ́n sì yá owó ní báńkì láti fi ra ààrò ńlá tó ń lo iná mànàmáná. Lẹ́yìn náà ni ìyẹ̀fun gbówó lórí, epo jẹnẹrétọ̀ náà gbówó lórí, owó báńkì kò sì ṣe é san bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn rẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 2021, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò báńkì. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ náà san gbèsè rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yóò lọ sí kóòtù kí kóòtù lè pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé. Màmá Oníbúrẹ́dì gbé lẹ́tà náà lọ fún agbẹjọ́rò ẹbí wa, àgbàlagbà tí gbogbo ènìyàn bọ̀wọ̀ fún. Bàbá náà kà á, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Kò sí ohun tí òfin lè ṣe sí i mọ́. Ẹ tètè ta ohun tí ẹ bá lè tà." Bí wọ́n ṣe ta ààrò nìyẹn. Wọ́n ta ọkọ̀ tí wọ́n fi ń pín búrẹ́dì. Òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án sì padà sílé.

Ní ọdún tó kọjá, mo lọ ṣe iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta ní ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò kan ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mò ń kọ́, wọ́n fún mi ní iṣẹ́ tí wọ́n rò pé ó bá mi mu: kí n máa tẹ́tí sí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn agbẹjọ́rò, kí n sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà dá lórí òfin gbèsè. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ nígbà tí olùkọ́ náà sọ pé láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni òfin ilẹ̀ wa ti la ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí gbèsè dì mú, yàtọ̀ sí kíkógbá wọlé. Mo dá ohùn náà dúró. Mo dá a padà sẹ́yìn, mo tún gbọ́ ọ. Oṣù kẹjọ ọdún 2020. Ọdún 2021 ni lẹ́tà Màmá Oníbúrẹ́dì dé.

Ìdí tí mo fi ń kọ àpilẹ̀kọ yìí nìyẹn. Mo fẹ́ kí a jọ kọ́ ohun mẹ́ta: ohun tí òfin sọ nípa àìlèsan-gbèsè ní Nàìjíríà báyìí, ìdí tí agbẹjọ́rò fi gbọ́dọ̀ máa padà sí ẹnu ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tó ti gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, àti ibi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òfin kò kàn wá. Ọ̀rọ̀ ni òfin fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ sì ni iṣẹ́ tiwa.

Gbèsè ènìyàn àti gbèsè ilé-iṣẹ́

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nínú ohùn tí mo tẹ̀ jáde ni pé òfin kì í fi ojú kan náà wo gbogbo ẹni tó jẹ gbèsè. Òfin kan wà fún ènìyàn ẹlẹ́ran-ara, òmíràn wà fún ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀.

Ti ènìyàn ni Bankruptcy Act ti ọdún 1979. Bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè tí kò lè san, ẹni tó jẹ lówó lè gbé e lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀, nítorí pé abala 251 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sí ìkáwọ́ ilé-ẹjọ́ náà. Kóòtù lè fi dúkìá ẹni náà sí abẹ́ àbójútó, kí ó kéde pé kò lè san gbèsè, kí wọ́n sì pín dúkìá rẹ̀ fún àwọn tó jẹ lówó. Títí kóòtù yóò fi tú u sílẹ̀, orúkọ yẹn kò ní kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ díje fún ipò ààrẹ, gómìnà, tàbí ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, abala 66, 107, 137 àti 182 nínú Ìwé Òfin náà ní kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Iye tí gbèsè gbọ́dọ̀ tó kí wọ́n tó lè gbé ènìyàn lọ sí kóòtù lábẹ́ òfin yìí ni ₦2,000. Owó gidi ni ₦2,000 ní ọdún 1979. Lónìí, búrẹ́dì ńlá kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e tán.

Ti ilé-iṣẹ́ ni òfin tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní CAMA. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣe èyí tí a lò tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2020, ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀. Lábẹ́ òfin àtijọ́, bí ilé-iṣẹ́ bá jẹ ju ₦2,000 lọ, tí wọ́n fi ìwé béèrè rẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì kọjá láìsí ìdáhùn, òfin gbà pé ilé-iṣẹ́ náà kò lè san gbèsè mọ́. Òfin tuntun sọ iye náà di ₦200,000. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà kò yí padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó wà nínú lẹ́tà Màmá Oníbúrẹ́dì kì í ṣe ìhalẹ̀ lásán, inú òfin ni wọ́n ti mú un. Nígbà tó bá pé, ilẹ̀kùn kóòtù ti ṣí sílẹ̀.

Ẹ fi ọkàn sí ohun kan níbí. Lójú òfin, ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀. Gbèsè rẹ̀ kì í ṣe gbèsè ẹni tó dá a sílẹ̀, àfi bí ẹni náà bá fọwọ́ sí ìwé láti dúró fún un. Ṣùgbọ́n ta ló mọ èyí ní àdúgbò wa? Màmá Oníbúrẹ́dì ni wọ́n ń pè ní ajigbèsè lẹ́yìn, kì í ṣe kọ́ńpìnnì. Fún oṣù méjì ni wọn kò fi lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ wọn.

Ohun tí òfin 2020 mú wá

Lábẹ́ òfin ọdún 1990, ọ̀nà ìfẹnukò pẹ̀lú àwọn olówó wà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dí olówó lọ́wọ́ láti sáré ṣíwájú àwọn tó kù lọ gba tirẹ̀ nígbà tí ìfẹnukò ń lọ lọ́wọ́. Ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù ni pé kí báńkì yan ẹni tí yóò gba dúkìá, tàbí kí kóòtù ní kí ilé-iṣẹ́ kógbá wọlé. Òfin tuntun fi ohun mẹ́ta kún un tó yẹ kí a mọ̀.

Èkíní, àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ lè gbé àbá kalẹ̀ fún àwọn olówó pé, "Bí a óò ṣe san án nìyí." Wọ́n lè ní kí olówó gba díẹ̀ dípò gbogbo rẹ̀, tàbí kí ó gba tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan yóò yẹ àbá náà wò, yóò jábọ̀ fún kóòtù, ilé-iṣẹ́ àti àwọn olówó yóò sì ṣe ìpàdé láti dìbò lé e lórí.

Èkejì, wọ́n lè yan alábòójútó fún ilé-iṣẹ́ náà. Kóòtù lè yàn án, ilé-iṣẹ́ tàbí àwọn olùdarí rẹ̀ lè yàn án, olówó tó ní irú ohun ìdógò kan náà sì lè yàn án. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí òfin gbé lé alábòójútó lọ́wọ́ ni kí ó gba ilé-iṣẹ́ là kí ó lè máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe ni yóò wá ọ̀nà tí àwọn olówó yóò fi rí gbà ju ohun tí wọn ìbá rí bí ilé-iṣẹ́ bá kàn kógbá wọlé. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe ni yóò ta dúkìá láti san owó àwọn tí òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbà. Nígbà tí alábòójútó bá wà nípò, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ipá gbé dúkìá ilé-iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé alábòójútó gbà tàbí kóòtù yọ̀ǹda.

Ẹ̀kẹta, abala 717 ní bí ilé-iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìfẹnukò pẹ̀lú àwọn olówó rẹ̀, tí ó sì ti fi ìwé ìbúra kó gbogbo ìwé tó yẹ sílẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ gba ẹjọ́ ìkógbáwọlé lòdì sí i fún oṣù mẹ́fà. Olówó tó ní ohun ìdógò pàápàá kò gbọ́dọ̀ wá gbé dúkìá rẹ̀ ní àsìkò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè lọ bẹ kóòtù pé kí ó yọ òun kúrò nínú rẹ̀.

Kí a má ṣe tan ara wa jẹ, òfin tuntun kì í ṣe idán. Àbá àwọn olùdarí kò lè gba ẹ̀tọ́ olówó tó ní ohun ìdógò lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbà. Àwọn ọ̀nà kan sì máa ń dí bí ẹjọ́ ìkógbáwọlé bá ti dé kóòtù ṣáájú. Ọ̀rọ̀ tún wà fún àwọn olùdarí: ẹni tó mọ̀, tàbí tó yẹ kó mọ̀, pé ilé-iṣẹ́ òun kò lè bọ́ nínú gbèsè mọ́, tó sì ń kó gbèsè mìíràn lé e lórí, kóòtù lè ní kí ó fi owó ara rẹ̀ kún ohun tí wọn yóò pín. Nítorí náà n kò sọ pé òfin ìbá gba ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì náà là dájúdájú. Ó ṣeé ṣe kí báńkì kọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹ̀fun tún gbówó lórí sí i. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀nà wà láti bi báńkì léèrè, wọn kò sì bi í.

Òtítọ́ àná

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn náà, inú bí mi sí agbẹjọ́rò ẹbí wa. Nígbà tó yá, mo rò ó wò. Bàbá náà kò purọ́. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ òfin, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà ni ó rí. Òtítọ́ àná ni wọ́n sọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé oníbàárà kì í mọ̀ bóyá òtítọ́ àná tàbí tòní ni agbẹjọ́rò ń tà fún òun.

Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àtìgbàdégbà wà fún gan-an nìyẹn. Àwọn òfin ìwà tó dè àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò lọ gbọ́dọ̀ kópa nínú ètò ẹ̀kọ́ tí Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà, NBA, ń ṣe. Ní ti iṣẹ́ àìlèsan-gbèsè, CAMA tuntun tún le sí i. Kì í ṣe gbogbo agbẹjọ́rò tàbí oníṣirò owó ló lè jẹ́ alábòójútó. Ó gbọ́dọ̀ ní oyè nínú ìmọ̀ òfin, ìṣirò owó tàbí ẹ̀kọ́ tó bá a mu, kí ó ní ìrírí ọdún márùn-ún ó kéré tán nínú irú iṣẹ́ náà, kí ó sì gba àṣẹ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ BRIPAN tàbí ẹgbẹ́ mìíràn tí àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fọwọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn agbẹjọ́rò láti ọdún 1975. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí 16 lọ́dún ni àwọn agbẹjọ́rò tí wọ́n ń pè ní solicitor máa ń kà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni wọ́n ti pa kíka wákàtí tì. Wọ́n ní kí kálukú yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, kí ó mọ ibi tó kù sí, kí ó sì kọ́ ohun tó bá yẹ. Àríyànjiyàn tó wà nínú èyí yé àwa akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa. Gbogbo wa la mọ ẹni tó máa ń wá fọwọ́ síwèé ní kíláàsì tí yóò sì gba ẹ̀yìn jáde. Wákàtí kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ohun tó wọlé sétí.

Kí ló wá ń wọlé sétí? Nínú ohùn tí mo tẹ̀ jáde, olùkọ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú abala òfin. Ó ní kí àwọn agbẹjọ́rò náà rò pé oníbàárà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé pẹ̀lú lẹ́tà gbèsè lọ́wọ́. Kí ni ẹ óò kọ́kọ́ béèrè? Gbogbo yàrá dákẹ́. Ẹnì kan ní, "Èló ni gbèsè náà?" Olùkọ́ ní rárá. Ó wá fi ìbéèrè mẹ́ta lé wọn lọ́wọ́:

Ta ló jẹ gbèsè náà, ènìyàn ni tàbí ilé-iṣẹ́?
Ọjọ́ wo ni lẹ́tà náà dé?
Kí ni wọ́n fi dógò?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni yóò sọ òfin tí a óò lò. Èkejì ni yóò sọ iye ọjọ́ tó kù kí ilẹ̀kùn tó tì. Ẹ̀kẹta ni yóò sọ ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìpàdé. Ìbéèrè mẹ́ta péré, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lè há wọn sórí. Bí ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ yín bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́la, ẹ bi agbẹjọ́rò wọn ní ìbéèrè náà. Bí kò bá rí ìdáhùn fún wọn, ẹ fi ọ̀wọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn.

Ibi tí èdè ti wọ̀ ọ́

Nígbà tí mo padà sílé, mo gbìyànjú láti ṣàlàyé ohun tí mo gbọ́ fún Màmá Oníbúrẹ́dì. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé iṣẹ́ mi kò tíì bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, Yorùbá sì ni èdè tí màmá fi ń ṣírò owó wọn. Ẹ jẹ́ ká wo díẹ̀ nínú ohun tí mo bá pàdé.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀-ìṣe "yá". "Mo yá Dàda lówó": èmi ni mo fún Dàda lówó. "Mo yá owó lọ́wọ́ Dàda": Dàda ló fún mi. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló ń lọ sí apá méjèèjì. Ètò gbólóhùn àti ọ̀rọ̀ kékeré náà, "lọ́wọ́", ló ń sọ ẹni tó jẹ gbèsè. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa akọ̀wé tó ń sáré kọ ọ̀rọ̀ oníbàárà sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì láti fi ṣe ìwé ìbúra. Bí ó bá ṣi "lọ́wọ́" gbọ́, ó ti sọ olówó di ajigbèsè.

"Onígbèsè" náà tún wà. A mọ̀ pé "oní-" máa ń tọ́ka sí ẹni tó ni nǹkan: onílé ló ni ilé, onímọ́tò ló ni mọ́tò. Ta ló wá ni gbèsè? Lójú òfin, gbèsè jẹ́ dúkìá ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Ó lè tà á, ó lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Lẹ́nu Yorùbá, ẹni tó jẹ ẹ́ ló ni ín. Èrò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn nípa ohun kan ṣoṣo. Yorùbá tún ní "jẹ" ni a máa ń jẹ gbèsè, bí a ṣe ń jẹ iṣu, jẹ oyè, tí a sì ń jẹ ìyà. Ohun tí ènìyàn bá ti jẹ ti wọ inú rẹ̀ lọ. Bóyá ìdí nìyí tó fi ṣòro fún àdúgbò wa láti gbà pé kọ́ńpìnnì ló jẹ gbèsè, kì í ṣe màmá. Kọ́ńpìnnì kò ní ikùn.

"Kógbá wọlé" wá láti ọjà. Oníṣòwò a kó igbá rẹ̀ jọ ní ìrọ̀lẹ́, a gbé e wọlé. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, bankruptcy, ọjà ni òun náà ti wá: láti inú "banca rotta" ti èdè Ítálì, tábìlì òwò tó ti fọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Ẹni tó kógbá wọlé lálẹ́ lè tún un gbé jáde ní òwúrọ̀. Tábìlì tó fọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí kóòtù ń pàṣẹ sún mọ́ ti Ítálì ju tiwa lọ, nítorí náà ó yẹ kí agbẹjọ́rò ṣàlàyé fún oníbàárà pé igbá tí kóòtù bá kó wọlé kì í jáde mọ́.

Èyí tó kù ni "dógò", òun ló sì ṣe pàtàkì jù fún mi. A mọ̀ ọ́n nínú "fi ilé dógò", "fi ilẹ̀ dógò". Samuel Johnson, nínú The History of the Yorubas tó jáde ní ọdún 1921, ṣàpèjúwe ológò, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bá olówó gba gbèsè. Ológò a wọ ilé ẹni tó jẹ gbèsè, a jókòó síbẹ̀, a máa dà wọ́n láàmú, a máa jẹ nínú ohun ìní wọn, kò sì ní dìde àfi tí wọ́n bá san owó náà. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ ní àwìn náà kò jìnnà sí èyí. Orúkọ tí a mọ̀ wọ́n sí, òṣómàálọ̀, ń sọ fún ajigbèsè pé lórí ìlóṣòó ni àwọn yóò wà títí àwọn yóò fi gba owó àwọn.

Mo ti gbìyànjú láti túmọ̀ oṣù mẹ́fà inú abala 717 fún Màmá Oníbúrẹ́dì. Mo ní "àsìkò ìdádúró". Wọ́n wò mí. Mo ní "ìsinmi lábẹ́ òfin". Wọ́n ní ta ló ń sinmi nígbà tó jẹ gbèsè? Nígbà tó yá ni mo rántí ológò. Mo ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn ológò, ohun tí òfin tuntun ń sọ ni pé kóòtù lè ní kí ológò dìde, kó jáde síta fún oṣù mẹ́fà, kí ẹ lè ráyè ro bí ẹ óò ṣe san án."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá béèrè pé, "Ṣé wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀ fún báńkì?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n ní, "Láti ìgbà wo?"

N kò lè dáhùn kíákíá. Ṣùgbọ́n ó yé wọn. Ohun tí wákàtí méjì Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe, ọ̀rọ̀ kan láti inú ìtàn wa ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ fún wa

Ohun tí mo rò nípa gbogbo èyí kò pọ̀. Ẹ̀kọ́ agbẹjọ́rò kò tíì parí nígbà tó bá gbọ́ òfin tuntun. Ó parí nígbà tó bá lè sọ ọ́ fún alápatà, télọ̀ àti oníbúrẹ́dì ní èdè tí wọ́n fi ń ronú. Apá àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ NBA, BRIPAN àti àwọn agbẹjọ́rò fúnra wọn. Apá kejì lè wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ti máa ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìlera àti ẹ̀kọ́ ìṣirò. N kò tíì rí ẹni tó yan òfin gbèsè fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Èmi ti yàn án. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ nìyí:

Àìlèsan-gbèsè: ipò ẹni tàbí ilé-iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ kò ká gbèsè rẹ̀ mọ́.
Ẹni tó jẹ gbèsè: mo yàn án dípò "ajigbèsè", nítorí pé èébú ti wọ inú ìyẹn, kò sì yẹ kí agbẹjọ́rò máa bú oníbàárà rẹ̀.
Olówó: ẹni tí wọ́n jẹ lówó, ìbáà jẹ́ tálákà.
Ohun ìdógò: dúkìá tí olówó lè gbé bí wọn kò bá san owó rẹ̀.
Ìkógbáwọlé: òpin ilé-iṣẹ́ lábẹ́ àṣẹ òfin.
Alábòójútó: ẹni tí wọ́n yàn láti gbìyànjú àtigba ilé-iṣẹ́ là.
Ìdìde-ológò: àsìkò tí òfin dá olówó dúró kí ó má bàa gbé dúkìá.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn lè pa àwọn olùkọ́ wa lẹ́rìn-ín. Kò burú. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kí ó mú un wá.

Ìdánrawò

1. Kọ gbólóhùn mẹ́rin tí "yá" ti jẹyọ, méjì tí ó ti jẹ́ fífúnni, méjì tí ó ti jẹ́ gbígbà. Kí ló fi ìyàtọ̀ hàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ṣé ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú ẹ̀ka-èdè tìrẹ tí kò ní irú pọ́n-na bẹ́ẹ̀?

2. Béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò méjì tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ohun tí wọ́n ń pe ẹni tó ń béèrè gbèsè, ẹni tó sá nítorí gbèsè, àti ẹni tí wọ́n dárí gbèsè jì. Kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn.

3. Ṣàlàyé fún ẹnì kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ìyàtọ̀ tó wà láàárín gbèsè ilé-iṣẹ́ àti gbèsè ẹni tó ni ilé-iṣẹ́. Má lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Bí kò bá yé ẹni náà, kọ ibi tó ti dí ọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Òótọ́ ni, gbèsè yẹ ní sísan. Màmá Oníbúrẹ́dì san tiwọn tán, títí dé kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, láti inú owó ààrò àti owó ọkọ̀. Ohun tó ń dùn wọ́n ni òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án náà. Ọ̀kan nínú wọn máa ń kọjá níwájú ilé wa lórí ọ̀kadà rẹ̀. Bó bá rí wọn, yóò dẹ ìrìn, yóò sì kí wọn pé, "Ẹ kúulé o, Màmá Oníbúrẹ́dì."